Òórùn Ehoro Lẹ́yìnkùlé: Ẹ Má Bò Ó, Ẹ Mú Un Kúrò

 Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe èyí tí àwọn ènìyàn máa ń fẹ́ sọ síta, nítorí ìtìjú wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ òórùn ni.

Púpọ̀ nínú yín ni ó ń sin ehoro lẹ́yìnkùlé. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀, nítorí irun rẹ̀ rọ̀, kì í sì í pariwo. Ìyá wọn náà fẹ́ràn rẹ̀, nítorí kò gba ilẹ̀ púpọ̀, ewé àti koríko ni ó pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀, oyún abo rẹ̀ kì í sì í ju bí ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ. Ìmọ̀ràn pé kí ìdílé máa pèsè díẹ̀ nínú oúnjẹ ara rẹ̀ kì í ṣe tuntun láàárín wa. Ní ọdún 1976, ìjọba Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ fi ètò Operation Feed the Nation ké sí gbogbo ilé nípa rẹ̀. Títí di òní, owó ehoro méjì tàbí mẹ́ta tí a tà lọ́jọ́ ọjà ti ra ìwé fún ọ̀pọ̀ ọmọ.

Ṣùgbọ́n bí oṣù mélòó kan bá ti kọjá, òórùn á dé. Alájọgbé á máa ti fèrèsé rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Onílé á máa kùn. Baálé ilé á ní kí a tà wọ́n tàbí kí a pa wọ́n jẹ, ọmọ tí ó ti sọ wọ́n lórúkọ á sì bú sẹ́kún. Nígbà náà ni ìyá mìíràn á sáré lọ sí ọjà, á ra káńfọ̀ tàbí omi olóòórùn dídùn, á fi bo òórùn náà. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Òórùn kì í ṣe ohun tí à ń bò. Ohun tí à ń mú kúrò ni. Bí ẹ bá mọ ibi tí ó ti ń wá, iṣẹ́ díẹ̀ láàárọ̀, díẹ̀ lálẹ́, á ká a.

KÌ Í ṢE EHORO NI Ó Ń RÙN

Àwọn àgbà ní ọ̀bùn ríkú ọkọ tìràn mọ́, ó ní ọjọ́ tí ọkọ òun ti kú ni òun kò ti wẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ṣe ń ti òórùn ilé ìdọ̀tí mọ́ ehoro lórí. Ehoro mọ́ ju bí a ti rò lọ. Ó máa ń fi ahọ́n lá ara rẹ̀ bí ológbò. Ìgbẹ́ rẹ̀ gbẹ, ó rí roboto bí ìlẹ̀kẹ̀, kò sì ní òórùn tí ó lè lé àlejò. Ìgbẹ́ rírọ̀ tí ẹ lè bá nígbà mìíràn ní òru tàbí ní òwúrọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó máa ń jẹ ẹ́ padà. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dẹ́rù bà yín.

Ìtọ̀ ni orísun òórùn. Ìtọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò fi bẹ́ẹ̀ rùn, ṣùgbọ́n bí ó bá dúró, àwọn kòkòrò àìfojúrí á máa jẹ èròjà yúríà tí ó wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì sọ ọ́ di afẹ́fẹ́ àmóníà. Ẹ̀yin abiyamọ ti mọ àmóníà dáadáa, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Òun ni ó máa ń ta yín nímú bí ẹ bá ṣí garawa nápíkìn tí ó ti sùn mọ́jú. Nápíkìn kan náà ni ẹ tú ní ìdí ọmọ lálẹ́, tí kò sì rùn tó bẹ́ẹ̀. Àkókò, ooru àti ọ̀rinrin ni ó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ooru ilẹ̀ wa kò sí lábẹ́ àṣẹ wa. Ọ̀rinrin àti àkókò wà lábẹ́ àṣẹ wa. Gbogbo ohun tí a ó sọ ní ìsàlẹ̀ yìí, ọ̀nà láti mú ìtọ̀ kúrò kí ó tó pẹ́, àti láti jẹ́ kí ibi tí ó kàn gbẹ kíákíá, ni.

OHUN TÍ ÒÓRÙN YÌÍ Ń ṢE

Àmóníà kì í ṣe òórùn burúkú lásán; a máa ta ara. Nínú imú àti ọ̀nà ọ̀fun ehoro, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú tiwa, irun wínníwínní kan wà tí ó ń gbá eruku àti kòkòrò àìfojúrí síta. Àmóníà a máa ba iṣẹ́ irun yìí jẹ́. Kòkòrò tí ó ti ń gbé inú imú ehoro láìṣe é ní ibi tẹ́lẹ̀ á wá rí àyè wọlé. Ehoro á bẹ̀rẹ̀ sí í sín, ikun funfun á máa jáde ní imú rẹ̀, irun inú ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì á sì lẹ̀ pọ̀, nítorí ẹsẹ̀ yẹn ni ó fi ń nu imú. Ẹ ó ní òtútù ni. Ó sì lè jẹ́ pé àmóníà ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún àrùn.

Ẹ rántí pé imú ehoro kò jìnnà sí ilẹ̀ ibi tí ó ń tọ̀ sí. Ohun tí ẹ̀yin tí ẹ dúró gbọ́ díẹ̀díẹ̀, òun ń fà á símú tọ̀sántòru. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ yín tí ó ń rákò. Bí ọmọ tí ó ní ikọ́ fée bá wà nínú ilé, òórùn yìí lè ru ikọ́ náà sókè.

Imú wa a máa tàn wá jẹ. Ẹni tí ó bá ń gbé nínú òórùn kì í pẹ́ tí kì í fi í gbọ́ ọ mọ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi imú ara yín nìkan ṣe ẹlẹ́rìí. Ní òwúrọ̀, kí ẹ tó gbá ibẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ títí orí yín yóò fi kan ibi tí orí ehoro wà, kí ẹ mí sínú. Bí ó bá ta yín lójú tàbí lọ́fun, ó ti pọ̀ jù fún ẹran náà. Ẹ sì lè bi ọ̀rẹ́ tí ó wá kí yín pé kí ó sọ òtítọ́ fún yín.

ILÉ TÍ ÌTỌ̀ KÒ NÍ DÚRÓ SÍ

Igi gàǹgà-ǹ-ran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Kí káfíńtà tó kan ìṣó àkọ́kọ́, ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ìtọ̀ yóò gbà lọ.

Ẹ gbé ilé ehoro lé ẹsẹ̀ tí ó ga tó bíi mítà kan sí ilẹ̀. Wáyà oníhò ni kí ẹ fi ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ihò náà fẹ̀ tó kí ìgbẹ́ lè já bọ́, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe fẹ̀ tó kí ẹsẹ̀ ọmọ ehoro há sí i. Nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀ dára. Bí owó wáyà bá wọ́n, ọparun tí a là, tí a sì tò pẹ̀lú àyè tóóró láàárín, lè ṣe é. Ẹ fi pákó pẹlẹbẹ kan sí apá kan kí ehoro lè máa sinmi lé e, nítorí wáyà nìkan lè dá egbò sí i ní ẹsẹ̀. Pákó yìí gbọ́dọ̀ ṣeé yọ, kí a lè máa fọ̀ ọ́, kí a sì máa sá a sí oòrùn. Pákó a máa mu ìtọ̀ bí ẹ̀kọ ṣe ń mu ọbẹ̀. Nítorí náà ẹ má ṣe fi pákó ṣe gbogbo ìsàlẹ̀.

Lábẹ́ wáyà, ẹ fi páànù kan dábùú, kí ó dagun sí apá kan, kí ìtọ̀ lè ṣàn lọ sínú garawa, kí ìgbẹ́ sì kù sórí páànù. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ti rò lọ. Nígbà tí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ bá pòpọ̀ ni àmóníà ń yára jáde. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ ti ṣe ìdajì iṣẹ́.

Ní ti ibi tí ẹ ó gbé e sí, ẹ wo èéfín àdògán yín fún ọjọ́ mélòó kan. Ibi tí èéfín ń fẹ́ sí ni òórùn náà yóò máa fẹ́ sí. Bí ó bá ń fẹ́ lọ sí yàrá alájọgbé yín, ẹ wá ibòmíràn. Ẹ jẹ́ kí ibẹ̀ ní ìbòòji, kí afẹ́fẹ́ sì máa là á kọjá. Àwọn mìíràn a máa fi àpò bo gbogbo ẹ̀gbẹ́ ilé ehoro kí òórùn má baà jáde. Òórùn náà á jókòó ti ẹran inú rẹ̀ ni.

Ẹ ya akọ sọ́tọ̀. Akọ tí ó ti bàlágà a máa fún ìtọ̀ káàkiri láti fi sàmì sí ilé rẹ̀, ìtọ̀ rẹ̀ sì máa ń le lóòórùn ju ti abo lọ. Páànù kékeré tí a fi gbá ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ yóò rọrùn láti nù ju pákó lọ.

IṢẸ́ ÒÒJỌ́ ÀTI IṢẸ́ Ọ̀SẸ̀

Láràárọ̀, ẹ da garawa ìtọ̀ nù, ẹ gbá ìgbẹ́ orí páànù, ẹ sì kó oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù kúrò. Lálẹ́, ẹ tún wo garawa náà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ràn yín lọ́wọ́, bí ó bá ti mọ̀ pé kí òun fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé ehoro máa ń yan igun kan láti máa tọ̀ sí. Ẹni tí ó ní ehoro kan tàbí méjì tí àwọn ọmọ ń bá ṣeré lè gbé àwo pẹrẹsẹ kan sí igun náà, kí ó fi koríko gbígbẹ tàbí èérún pákó tí káfíńtà fá sínú rẹ̀. Ẹ fi ìwọ̀nba ìgbẹ́ rẹ̀ sínú àwo náà ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ó lè mọ̀ pé ilé ìgbẹ́ òun nìyẹn. Àwo kan ni ẹ ó máa pààrọ̀ lójoojúmọ́ dípò gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe da koríko tuntun lé èyí tí ó ti tutù. A kì í fẹ́ jẹ èkuru kó tán kí a tún máa gbọn ọwọ́ rẹ̀ sínú àwo.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ kó àwọn ẹran náà síbòmíràn kí ẹ fọ ilé wọn. Ẹ ó rí ohun funfun kan tí ó gan mọ́ páànù àti wáyà. Iyọ̀ inú ìtọ̀ ni. Ọṣẹ kì í sáábà ká a, òórùn sì ń fara pamọ́ sínú rẹ̀. Ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà sí i, ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó, kí ẹ sì fi omi ṣàn án. Kíkan omi náà ni yóò tú u. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí oòrùn gbẹ gbogbo rẹ̀ kí ẹran tó padà wọlé. Ilé tí a fọ̀ tí a kò jẹ́ kí ó gbẹ, òórùn rẹ̀ kì í pẹ́ padà.

OÚNJẸ ÀTI OMI

Ewé tútù tí ó kún fún omi, bí gbúre àti tẹ̀tẹ̀, bí ó bá pọ̀ jù, lè mú kí ìgbẹ́ ehoro rọ̀. Ìgbẹ́ rírọ̀ a máa lẹ̀ mọ́ wáyà, eṣinṣin á bò ó, òórùn á sì le. Ẹ sá ewé fún wákàtí mélòó kan kí ó rọ kí ẹ tó fún wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí koríko gbígbẹ wà níwájú wọn nígbà gbogbo. Ewé ẹ̀pà àti ewé ọ̀dùnkún dára. Ẹ má ṣe ro pé bí a bá ń fún wọn ní oúnjẹ olówó iyebíye láìní ìwọ̀n ni wọn yóò yára dàgbà. Èròjà amáradàgbà tí ó bá pọ̀ ju ohun tí ara wọn lè lò, inú ìtọ̀ ni yóò gbà jáde, àmóníà ni yóò sì dà.

Ohun kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe láé: ẹ má ṣe fi omi dù wọ́n nítorí kí wọ́n má baà tọ̀ púpọ̀. Abo tí ó ń fún ọmọ lọ́mú lè mu tó lítà omi kan lóòjọ́. Bí kò bá rí omi, wàrà rẹ̀ á gbẹ, àwọn ọmọ rẹ̀ á kú, ìtọ̀ díẹ̀ tí ó bá sì tọ̀ á tún ki ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

OHUN TÍ KÒ YẸ KÍ A FI LÉ ÒÓRÙN

Ìkíní ni eérú. Ọ̀pọ̀ ń da eérú tàbí ẹfun sórí ìtọ̀ tútù. Eérú yìí kan náà ni àwọn ìyá wa ń fi omi rẹ̀ se ọṣẹ dúdú. Agbára tí ó wà nínú rẹ̀ á lé àmóníà jáde kúrò nínú ìtọ̀ sínú afẹ́fẹ́. Ẹ ó rí i pé òórùn náà á kọ́kọ́ le sí i ni. Bí ẹ bá fẹ́ ohun tí yóò fa ọ̀rinrin mu, lẹ́búlẹ́bú pákó gbígbẹ tàbí èédú tí a gún ni kí ẹ lò, kí ẹ sì kó o kúrò bí ó bá ti tutù.

Ìkejì ni káńfọ̀ roboto funfun tí a ń fi sáàárín aṣọ. Májèlé ni. Àwọn ọmọ mìíràn wà tí ara wọn kò ní tó nínú èròjà kan tí ó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD. Àìtó rẹ̀ wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá, pàápàá lára ọmọkùnrin, ọ̀pọ̀ ìyá kò sì mọ̀ pé ọmọ òun wà nínú wọn. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fa òórùn káńfọ̀ símú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa bàjẹ́, kí ojú àti ara rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Bí ó bá jẹ́ ọmọ jòjòló, ó lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Ẹ má ṣe fi káńfọ̀ sí ilé ehoro. Ẹ má sì ṣe fi í sáàárín aṣọ ọmọ. Bí ojú ọmọ bá pọ́n, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ ní ọjọ́ náà gan-an.

Ìkẹta ni bílíìsì, omi tí a fi ń fọ aṣọ funfun. Bí a bá dà á sórí ìtọ̀, òun àti àmóníà á pàdé, wọ́n á sì di afẹ́fẹ́ olóró tí ó lè dí ènìyàn lọ́fun. Bí a bá sì dà á pọ̀ mọ́ ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà, olóró mìíràn ni yóò jáde. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ fi bílíìsì pa kòkòrò àrùn, ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀, ẹ ṣàn án dáadáa títí ìtọ̀ tàbí ọsàn kankan kò fi kù, kí ẹ tó fi bílíìsì tí a ti bu omi là sí i ní ìta gbangba. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ tún ṣàn án.

EKU ILÉ ÀTI EKU FUNFUN

Oúnjẹ ehoro tí ó fọ́n sílẹ̀ a máa pe eku ilé wá. Èyí kọjá ọ̀rọ̀ òórùn. Ibà Lassa, tí a fi orúkọ ìlú Lassa ní ìhà Borno pè láti ọdún 1969, inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku kan tí ó máa ń wọ ilé ni ó ti ń ràn wá. Àwọn ará Ọ̀wọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì mọ ìyà rẹ̀. Ẹ fi oúnjẹ ẹran sínú agolo tí ó ní ìdérí. Bí ẹ bá rí ìgbẹ́ eku, ẹ má ṣe gbá a ní gbígbẹ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi omi bílíìsì tí a ti là rin ibẹ̀, kí ẹ tó nù ún. Bí ìtọ̀ ehoro bá wà níbẹ̀, omi ọṣẹ ni kí ẹ lò dípò bílíìsì.

Eku mìíràn wà tí kì í ṣe eku ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí ní Lọ́ńdọ̀nù lè ti gbọ́ pé àwọn ọmọ ibẹ̀ ń sin eku nínú yàrá. Òtítọ́ ni, láti ọdún 1901 ni wọ́n ti gbé irú eku bẹ́ẹ̀ wá sí ibi ìfihàn ẹran ọ̀sìn ní ìlú Aylesbury. Eku tí a bí sínú àgò láti ìran dé ìran ni wọ́n. Bí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín bá ń sin wọ́n, òfin kan náà ni ó wà fún wọn: ìtọ̀ ni kí ó máa mú kúrò. Àyà eku kò lágbára, àmóníà sì máa ń yára dá àrùn sí i. Kí ó lo ìwé gígé dípò èérún igi páìnì tàbí sídà, tí òórùn wọn ń ta ẹ̀dọ̀fóró. Kí ó sì má ṣe fọ gbogbo àgò lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí akọ eku tí kò bá gbọ́ òórùn ara rẹ̀ mọ́ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ káàkiri. Kí ó fọ ìdajì lónìí, kí ó fọ ìdajì ní ọjọ́ mìíràn.

BÍ ÒÓRÙN BÁ YÍ PADÀ

Bí ẹ bá ti ń ṣe gbogbo èyí, tí òórùn mìíràn sì tún yọ lójijì, ẹ má ṣe bínú sí ẹni tí ó gbálẹ̀. Ẹ wo ẹran. Bí ìdí rẹ̀ bá tutù, tí ìgbẹ́ rẹ̀ ń ṣàn, tí kò sì jẹun, àrùn ni. Ẹ tètè wá dókítà ẹranko, nítorí ìgbẹ́ gbuuru kì í pẹ́ pa ehoro. Bí abo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ wo inú àpótí tí ó bí wọn sí ní ọjọ́ kejì. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ kan ti kú sábẹ́ àwọn yòókù. Ẹ fi ọwọ́ mímọ́ yọ ọ́ kí ó tó ba ilé àwọn tí ó wà láàyè jẹ́.

Ẹ SỌ ÌDỌ̀TÍ DI Ẹ̀FỌ́

Níkẹyìn, ẹ má ṣe kó ìgbẹ́ jọ sí ẹ̀yìn ògiri ẹlòmíràn. Ẹ gbẹ́ kòtò kékeré, ẹ máa da ìgbẹ́ àti ewé gbígbẹ sí i ní ìpele-ìpele, kí ẹ máa fi iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ bò ó. Ewé gbígbẹ ni kì í jẹ́ kí ó rùn. Bí ó bá ti jẹrà tán, ẹ kó o sí ìdí ẹ̀fọ́. Ìtọ̀ inú garawa náà kì í ṣe òfò: ẹ bu omi mẹ́wàá là á mọ́ ọ̀kan, kí ẹ bu ú sí ilẹ̀ ìdí àgbàdo tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ má ṣe bu ú sórí ewé tí a ó jẹ.

Bí ẹ̀fọ́ náà bá yọ, ẹ já ìdì kan fún alájọgbé tí ó ti ń ti fèrèsé rẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ bi í pé ṣé òórùn ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì padà lọ wo ibi tí ìtọ̀ ti dúró.